Alágbàfọ̀ Tó Wà Lódìkejì

Ẹ̀wù mọ́kànlá ni wọ́n kó wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn sì ti mọ́ kó tó dé.

Ìyá Alágbàfọ̀ gbé e sókè sí oòrùn. Funfun báláú. Wọ́n ti fi sítáàṣì sí i, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó sì tutù nini bíi pé inú fìríìjì ni wọ́n ti yọ ọ́. Ó yí ọrùn rẹ̀ padà. Òwú pupa wà níbẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta, kókó rẹ̀ dojú kọ òsì.

Kò sí alágbàfọ̀ tí kò ní àmì tó ń rán sí ọrùn aṣọ, kí ti oníbàárà kan má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì. Àmì tirẹ̀ nìyí. Ọlọ́wọ́ òsì ni, kò sẹ́ni tó ń ta kókó bẹ́ẹ̀ àfi òun. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ẹ̀wù yìí dúdú, gbogbo èyí tó ti fọ̀ fún wọn rí, bọ́tìnnì funfun ni. Kò fọwọ́ kan ẹ̀wù yìí rí láyé.

Àwọn tó ni ẹ̀wù ní àyẹ̀wò omi ni wọ́n ń ṣe, nínú ilé gíga kan lópin òpópónà tí kò ní pátákó. Ọdún mẹ́rin ló ti ń fọṣọ wọn, kò rí i kí wọ́n gbé omi wọlé tàbí kí wọ́n gbé e jáde. Kò bèèrè. Opó tó ń dá tọ́mọ, èwo ni tirẹ̀ nínú omi olómi?

Nígbà tí Bàbá Awakọ̀ ilé náà wá kó aṣọ, Ìyá Alágbàfọ̀ gbéná wojú rẹ̀. Ó ní wọ́n ti gba alágbàfọ̀ mìíràn sẹ́yìn òun, ẹni náà sì tún ń jí àmì òun lò. Bàbá Awakọ̀ wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ìyá, ẹ rọra. Kò sí alágbàfọ̀ mìíràn. Ẹ̀yin náà lẹ fọ̀ ọ́.”

“Èmi wo?”

“Ẹ̀yin tọ̀hún.”

Ó sì yára wọ mọ́tò bí ẹni tó jí adìẹ gbé.

Ẹ̀rù kò tíì ba Ìyá Alágbàfọ̀ nígbà yẹn, inú ló ń bí i. Ó ya bébà, ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí olè tó ń fọ aṣọ oníbàárà òun jáwọ́, ó fi í sínú àpò ẹ̀wù náà tí kò tíì kó fún Bàbá Awakọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, èsì dé nínú àpò kan náà. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni. Kíláàsì mẹ́ta péré ló kà, lẹ́tà g rẹ̀ a sì máa dà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n tì lulẹ̀. Gbogbo g inú èsì náà ló dà sẹ́yìn.

Obìnrin tọ̀hún kọ ohun tí Ìyá Alágbàfọ̀ sọ sí ọkọ rẹ̀ létí lọ́jọ́ tí ọkọ ń kú lọ: pé kó máa lọ wàyí, ó ti rẹ òun. Òun àti òkú nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó jókòó sórí korobá. Áyọ́ọ̀nù jó aṣọ aláṣọ mọ́ tábìlì, kò gbóòórùn rẹ̀. Nísàlẹ̀ bébà ni wọ́n kọ ọ́ sí: “Ṣé ọmọ wa ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ? Tèmi ti kú.”

Ọmọ náà, Ẹlẹ́yinjú, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó yọjú, ó bi ìyá rẹ̀ pé ta ló ń kọ̀wé sí i, ṣé kì í ṣe pé ọkọ tuntun ń bọ̀. Ìyá ní kó lọ mójú tó aṣọ tó ń sá.

Ta ni kò ní ṣàánú ara rẹ̀? Oṣù méjì ni wọ́n fi ń kọ̀wé síra wọn nínú àpò ẹ̀wù. Ohun kékeré ni ti ọ̀hún ń bèèrè. Ṣé ó ṣì ń yanu sùn? Àpá orúnkún rẹ̀ ńkọ́? Bó bá bínú, kí lò ń pè é tó fi ń rẹ́rìn-ín? Ìyá Alágbàfọ̀ dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó ní “Ìyá Ọkọ Mi” lòun ń pè é.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn kúrú. Kí ọmọ náà gbé aṣọ wá sí ilé gíga náà fúnra rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Òun yóò kàn wò ó lójú fèrèsé ni, òun kò ní fọwọ́ kàn án.

Ìyá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ ó rán an. Ẹlẹ́yinjú kùn díẹ̀, ó gbé ẹrù karí, ó lọ. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni. Nígbà tí aago méjì lù tí kò dé, ìyá rẹ̀ gbọ̀nà ibẹ̀ láìwọ bàtà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà ń rùn sítáàṣì, sítáàṣì ọwọ́ tirẹ̀ gan-an. Akọ̀wé kan ní kó jókòó. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní ayé pọ̀, wọ́n tò léra bí aṣọ tí a ká; ilé yìí kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, àwọn ọ̀gá òun sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, wọn kò fẹ́ kí ará ìta gbọ́.

“Kò sẹ́ni tó jí ọmọ yín gbé, Màmá. Ìyá rẹ̀ ló wá mú un. Ó pè é ní Ìyá Ọkọ Mi, ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ lé e.”

Ó ti bébà kan síwájú rẹ̀. Ìfọwọ́sí Ìyá Alágbàfọ̀ gan-an ló wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló kọ ọ́. Akọ̀wé ní àwọn kò lè gbà á padà, nítorí ẹni tó lọ́mọ ló buwọ́ lù ú.

Ọlọ́pàá wo ló fẹ́ fi ara rẹ̀ sùn fún?

Akọ̀wé bu omi fún un, ó ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀. Ó ní ayé kẹta kan wà. Ẹlẹ́yinjú tibẹ̀ wà láàyè, ara rẹ̀ le, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ló ba Ìyá Alágbàfọ̀ lẹ́rù jù. Bí ara rẹ̀ ṣe tètè balẹ̀ ló bà á lẹ́rù. Ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀, ó sì bèèrè aago tí ìyá ayé kẹta yẹn máa ń jáde nílé.