Bìsìmílà Tí Mùjídàt Wí Nídìí Máásà

Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní àlọ́. Mùjídàt tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń bẹ láyé, Ìlọrin ló ń gbé, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì tán nílé rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ni ìyá rẹ̀, Àlhájà Mọ̀dínátù, kò fi lè jẹun. Àìsàn ti lọ, ṣùgbọ́n ó kó adùn oúnjẹ lọ. Dókítà ní bí kò bá jẹun, kò ní í pẹ́ kú. Sáríà ni wọ́n bí Àlhájà sí. Ni Mùjídàt bá gbé e lọ síbẹ̀ nígbà ọyẹ́, pé bóyá oúnjẹ ìgbà èwe rẹ̀, tàbí ti ìlú òkèèrè pàápàá, yóò ṣí i lọ́fun.

Ìdí máásà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, ni wọ́n kọ́kọ́ yà ní kùtùkùtù, nínú ìlú àtijọ́. Ọyẹ́ bo títì pátápátá. Obìnrin kan jókòó ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó fi híjáàbù funfun bojú. Kò ra nǹkan kan.

Ọmọ tí a kọ́ nílé ni Mùjídàt. Ẹni tó ń jẹun a máa fi "Bìsìmílà" pe ẹni tó wà nítòsí, ẹni tí a pè a sì máa dúpẹ́, a ní òun ti yó. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹnu lásán ni.

"Bìsìmílà," ni Mùjídàt wí.

Obìnrin náà dìde. Ó fọ ọwọ́. Ó wá jókòó tì wọ́n. Omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀: tó, tó, tó.

Ẹlẹ́máásà ju ṣíbí sílẹ̀. "Subhanallahi! Wa ya ce ki kira ta?"

Mùjídàt gbọ́ Hausa: ta ló ní kí o pè é?

"Ta ni?" ló béèrè.

Ẹlẹ́máásà bu omi pa iná, bẹ́ẹ̀ ọjà ò tíì tà.

"Mùjí," ni Àlhájà wí, "máásà yìí mà dùn o!"

Ó jẹ mẹ́rin. Inú Mùjídàt dùn débi pé ó sunkún. Ó bu tirẹ̀ sẹ́nu. Kò ní adùn, kò ní iyọ̀, bí ẹni jẹ eérú.

Lọ́sàn-án, wọ́n yà nídìí ṣáwámà ní Sábọ́n Gàrí.

"Ra mẹ́ta," ni Àlhájà wí.

"Àwa méjì náà ni, Màámi."

"Àlejò tí o pè ńkọ́?"

Híjáàbù funfun ti wà lórí àga kẹta. Mùjídàt ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ni. Ẹ̀rù ti ba Mùjídàt. Ó pa ẹnu mọ́, kò pe ẹnikẹ́ni. Àlhájà bu ìrẹsì, ó fi ṣíbí sílẹ̀.

"Mùjí, ọ̀fun mi ti dí."

Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ètè rẹ̀ ń ṣú. Ìyá ni wúrà. Kí ni ọmọ ì bá ṣe?

"Bìsìmílà," ni Mùjídàt wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, omi kán: tó, tó.

Wọ́n ti padà sí Ìlọrin. Àlhájà ti sanra. Mùjídàt ti gbàgbé bí iyọ̀ ṣe ń rí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó gbà bẹ́ẹ̀. Ara tirẹ̀ ló fi san owó ìlera ìyá rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń gbé àwo kan lé tiwọn, tó sì ń pe àlejò.

Láàárọ̀ àná, Hàbíbàt, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti àwo tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Mọ́mì, ẹ ò fi iyọ̀ sí i."

Ṣíbí iyọ̀ méjì ni Mùjídàt ti wọ́n sínú oúnjẹ náà. Àlhájà na àwo tirẹ̀ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bu sí i fún wa, Mùjí."