Wáífáì Tó Ń Sùn Níwájú Àna

Obìnrin náà pọn kọ̀ǹpútà. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Àfá ni Olúmúyìwá ti rí i tó ń bọ̀ nínú òjò, ó fi ọ̀já gbá ẹrù náà mọ́ ẹ̀yìn, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

"Ẹ kú ewu, ìyá ọmọ. Ọmọ yín mà gbọ́n o, kò tiẹ̀ sunkún."

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti já fóònù mi gbà l'Óṣòdì. Ẹni tó bá fẹ́ gba èyí, àfi kó gbé èmi náà mọ́ ọn."

Adébímpé lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní Òkòtà. Múyìwá tún kọ̀ǹpútà náà ṣe, ṣùgbọ́n kò yá a lára láti dá a padà. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Ó wá ku bàbá Bímpé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì sí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ó ní òun fẹ́ rí ojú ọmọkùnrin náà lórí kọ̀ǹpútà kí ẹbí rẹ̀ tó wá tọrọ ọmọ. Múyìwá fẹ́ kí gbogbo nǹkan dán. Ó ṣe àpúdéètì ẹ̀rọ Bímpé, ó fi kánẹ́ẹ̀lì tuntun, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, rọ́pò ti àtijọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lọ́jọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́."

Bàbá kò dáhùn. Ẹyin lọ̀rọ̀, àgbà kì í kánjú sọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tó ti ń ro ó lọ́wọ́ ni wáífáì ti já. Nígbà tó fi padà dé, Bàbá ti lọ.

Ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, Àǹtí Felicia, ní Ìsọlọ̀: "Ọmọkùnrin yẹn pa ìpè mọ́ mi lójú. Kò lè fẹ́ ọmọ mi."

Bímpé kò lè jẹun. "Múyìwá, ṣé ìwọ lo pa á? Ṣé ẹ̀rù bà ọ́ ni?"

"Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, olólùfẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò pa á."

Àǹtí Felicia bẹ̀bẹ̀ títí Bàbá fi gbà láti pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Ó ní tó bá tún já, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Múyìwá fún òun mọ́.

Múyìwá gbé ẹ̀rọ wáífáì ilé Bímpé lọ sójú fèrèsé, ó já. Ó yí páásìwọ́ọ̀dù padà, ó já. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ pe Bímpé láti dán an wò. Ìjà ni wọ́n ń jà, síbẹ̀ kò já.

"O ò bá má fọwọ́ kan nǹkan mi!" Bímpé káwọ́ gbera, ó dákẹ́, ó ranjú mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ló já.

Nígbà tí ìpè náà padà dé, Múyìwá ti ń pariwo. "Ìgbà tí o dákẹ́ ló já! Bímpé mi, jọ̀ọ́, tún bínú sí mi."

"Orí ẹ dàrú?"

"Ṣáà dákẹ́. Má mira."

Ó tún já. Ó wá yé Múyìwá: kánẹ́ẹ̀lì tuntun ló ń jẹ́ kí wáífáì sùn láti tọ́jú bátìrì, nígbàkúgbà tí iṣẹ́ bá dínkù, bíi kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ kó má sì mira. Múyìwá pàṣẹ fún un pé kò gbọdọ̀ sùn mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ìdákẹ́ Bàbá dán an wò ṣáájú?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀. Bàbá kò fèsì. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Bímpé ń wo àmì wáífáì, ó di ẹ̀wù Múyìwá mú. Ó ń gbàdúrà sínú.

"Ọmọ yìí," Bàbá sọ nígbẹ̀yìn, "ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí sà. Mi ò lọ síbì kankan."

"Ó dáa. Kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀."

Múyìwá tún dọ̀bálẹ̀ láti dúpẹ́. Bímpé ló fà á lọ́wọ́ sókè, omijé lójú, kò sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ mọ́.