Ẹ Má Lọ, Ẹ Máa Lọ

Adégbóyèga ló pa Ayọ̀kúnlé, àbúrò mi. Ohun tí mo sọ fún ìyá wa nìyẹn lọ́jọ́ tí mo ti etí òkun Ìlàjẹ padà wá sí Ìlọ́fà lémi nìkan, ohun tí mo sì ti ń sọ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ ṣiṣẹ́ ẹja níbẹ̀. Èmi àti Ayọ̀kúnlé ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Adégbóyèga, tó ka ìwé mẹ́wàá, máa ń dúró ní èbúté, á gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ òkun lórí rédíò, á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù mi. Lọ́jọ́ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ní kí a máa lọ. A lọ. Ìjì dojú ọkọ̀ dé. Èmi di kẹ́ẹ̀gì kan mú. Ayọ̀kúnlé kò rí nǹkan kan dì mú.

Láti ìgbà náà n kì í kí Adégbóyèga. Bí ó bá jókòó sí apá ọ̀tún ní ṣọ́ọ̀ṣì, apá òsì ni tèmi. Prosper, ọmọ tí Ayọ̀kúnlé fi sílẹ̀, ọwọ́ mi ló dàgbà sí, mo sì kọ́ ọ pé ohun tí ọkùnrin yẹn bá ní kó má ṣe, òun gan-an ni kó ṣe. Mo máa ń sọ fún un pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Lẹ́yìn ọdún tuntun yìí, Prosper ní òun ń lọ síbi tí bàbá òun ti ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Agídí ẹbí wa wà lára rẹ̀.

Ní oṣù Keje ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Damaris, ọmọ mi obìnrin, tó ku ọdún kan kó ṣe ìdánwò àṣejáde. Ó ní lẹ́sìn lòun ń lọ lẹ́yìn ilé-ìwé, àmọ́ ìwé rẹ̀ kì í ní ìlà tuntun kankan. Bí mo bá wọlé, á da ojú fóònù rẹ̀ dé. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ tó ń ti ìwọ̀ oòrùn gúúsù bọ̀ ti le jù. Ọmọ tí kò fojú rí òkun rí. Ta ló kọ́ ọ?

Ọkàn mi sọ pé ọkùnrin ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo tẹ̀ lé e. Ó gba ẹ̀yìn ọjà, ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń ṣe lẹ́sìn, ó sì yà sí ilé Adégbóyèga.

Mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Pátákó dúdú kan wà lára ògiri tí wọ́n fi ẹfun ya etí òkun sí, láti Kòtónú títí dé ẹnu Odò Ọya. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbì ga tó mítà mẹ́ta, pé ààrá àti ìjì ń bọ̀ lọ́la. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ó ṣì ń tẹ̀ lé ìròyìn òkun lójoojúmọ́. Bàbá Òkun ni wọ́n ń pè é, wọn a sì bi í bóyá ọkọ̀ ojú omi máa gúnlẹ̀ sí Ìlọ́fà lónìí.

"Lẹ́sìn rèé," mo wí.

Damaris kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá mi. Mo purọ́. Bí mo bá sọ òótọ́, ẹ ò ní jẹ́ kí n wá. Nítorí Bùọ̀dá Prosper ni. Èmi ni mo ń fi ìròyìn òkun ránṣẹ́ sí i."

Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Prosper ti béèrè pé, "Se ka lo lola?" Èsì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "E ma lo."

Mo kọjú sí ọkùnrin náà. "Adégbóyèga, o pa bàbá, o tún fẹ́ pa ọmọ. O ní kí wọ́n máa lọ sínú ìjì tí ìwọ fúnra rẹ kọ sára ògiri."

Ó wò mí. "Ilésanmí, kí lo kà?"

"Ohun tí mo kà nígbà náà ni. Ẹ máa lọ."

"Bàbá mi, 'Ẹ má lọ' ni mo kọ," Damaris wí. "Mo ń kánjú ni, n kò fi àmì sí i."

Ìbídùnní dáwọ́ ẹ̀wà dúró. Adégbóyèga wá ní, "Lọ́jọ́ yẹn, mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ìjì ń bọ̀, kí n tó kọ ọ́ pé ẹ má lọ. Ṣé ẹ kò rí ìlà àkọ́kọ́ ni?"

Kí n tó dáhùn, fóònù náà dún lọ́wọ́ mi. Prosper ni: "O daa. A n lo laago merin idaji." Bí mo ṣe kà á lòun náà ṣe kà á.

Damaris gba fóònù, ó pè é. Kò wọlé. Ó tún pè, kò wọlé. Ìgbà kẹta ni Prosper gbé e. Damaris ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, àmọ́ mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tí wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀. Prosper bi í bóyá Bàbá Òkun ló rán an. Ó ní ọ̀gá àwọn ti ra epo, òun kò sì ní torí ọ̀rọ̀ ọ̀tá jókòó sílé.

Ọmọ mi na fóònù sí mi. "Ẹ̀yin nìkan ló ṣì lè gbọ́ràn sí lẹ́nu."

Mo ní kí Prosper má lọ. Ó ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe òun ló pa bàbá mi ni? Kí ló dé tí ẹ fi gbà á gbọ́ lónìí?"

Mo wo Adégbóyèga. Mo wo ọmọ mi tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Irọ́ tirẹ̀ kò tíì pé oṣù kan.

"Rárá, Prosper," mo wí. "Kì í ṣe òun. Ó kọ ọ́ pé ká má lọ. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ìlà àkọ́kọ́, ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ni mo lè kà, mo sì kà á bó ṣe wù mí, torí ẹja ń wọ̀ wá lójú. Bàbá rẹ na ọwọ́. Ó ní, 'Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ n bá yín kà á.' Mo ti fóònù bọ àpò, torí n kò fẹ́ kí àbúrò kàwé fún ẹ̀gbọ́n. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi ni n kò béèrè, òun ló sì rì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì gbé e ka orí ẹlòmíì. Èmi ni, ọmọ mi. Ẹ má lọ."