Ọjọ́ Mẹ́ta tí Màláíkà Kò Jẹun

Wọ́n ti sin Alhaji Ràsáàkì tán kí ọlọ́pàá tó gbọ́ pé ọ̀ràn wà nínú ikú ẹ̀. Bí Mùsùlùmí bá kú láàárọ̀ Jímọ̀ ní Ṣakí, kí oòrùn tó rọ̀, wọ́n á ti bo erùpẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, a ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Àmọ́ erùpẹ̀ kì í béèrè ohun tó pa èèyàn kó tó bò ó. Nọ́ọ̀sì Ọpẹ́ ló béèrè, láàárọ̀ Sátidé, nígbà tó wọ àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Sà, ní gbogbo Ọjọ́rú ni mo máa ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru Alhaji wò nílé wọn," ó sọ fún Ìnspẹ́kítọ̀ Abíọ́nà. "Lọ́jọ́rú tó kọjá, ìyàwó wọn ò ṣí géètì fún mi. Wọ́n ní Alhaji ti lọ sí Ìsẹ́yìn. Lánàá, níbi ìsìnkú, ẹnu ìyàwó kan náà ni mo ti gbọ́ pé Alhaji ò jáde nílé láti ọjọ́ Mọ́ńdè."

"Ìbànújẹ́ lè mú kéèyàn ṣi ọ̀rọ̀ sọ, Nọ́ọ̀sì."

"Ìbànújẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ò lè mú èèyàn parọ́ lọ́jọ́rú, sà."

Abíọ́nà gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Ọkùnrin gbígbẹ kan ni, ọmọ Otu, ẹ̀rín kì í tètè pa á. Ó mọ̀ pé òkú ti wọlẹ̀, kò sì sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ òun ju ọ̀rọ̀ ẹnu nọ́ọ̀sì lọ. Síbẹ̀ ó wọkọ̀.

Ilé Alhaji wà lójú ọ̀nà Ògbòòrò. Ọgbọ̀n ọdún ni Alhaji fi ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ òkun, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, òkun ò kúrò lọ́kàn ẹ̀. Bí kò ṣe lè gbé òkun wá sí Ṣakí, ó ṣe tirẹ̀ sí pálọ̀: àpótí gíláàsì tó gùn tó bẹ́ẹ̀dì, tó kún fún omi tó po iyọ̀ sí, nínú ìlú tí àwọn obìnrin ti ń to kẹ́ẹ̀gì sẹ́nu kànga bí ọyẹ́ bá ti mú. Iyùn ló gbìn sínú ẹ̀. Iyùn ààyè ni o, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí ọba ń fi sọ́rùn. Ohun tó ní ẹ̀mí ni, ara ẹ̀ rọ̀, ó ń ṣí bí òdòdó lábẹ́ iná. Ẹja kan ṣoṣo ló ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín wọn, aláwọ̀ búlúù tó ní ìlà yẹ́lò lára. Áńgẹ́lì ni òyìnbó ń pe irú ẹja bẹ́ẹ̀. Alhaji ní tirẹ̀ ń pè é ní Màláíkà.

Ìyá Sodiqat, ìyàwó Alhaji, jókòó sórí ẹní, ó fi ìborùn funfun borí. Ẹkún ò sí lójú rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ọ̀ràn èèyàn," ni Abíọ́nà wí. "Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?"

"Ó jí láàárọ̀ Jímọ̀, ó kírun Sùbúì, ó wẹ ìwẹ̀ Jímọ̀. Ó bu omi sí àpótí ẹja ẹ̀, ó fún ẹja lóúnjẹ. Ó ní ó ń rẹ òun. Kí n tó gbé omi mímu dé, ó ti kú."

"Ẹ rí i tó bu omi sí àpótí yìí?"

"Ojú mi méjèèjì. Ẹja yìí ló máa ń kọ́kọ́ kí nílé yìí láàárọ̀, ọ̀gá. Èmi, ó dìgbà tó bá ń wá ṣíbí."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó lọ sí Ìsẹ́yìn?"

"Òun ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ti sú òun." Kò tilẹ̀ ro ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fèsì.

Abíọ́nà bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí náà. Alhaji fúnra ẹ̀ ti lẹ ìwé kan mọ́ gíláàsì: "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Bí ebi bá pa Màláíkà, iyùn ni yóò jẹ." Ó tún fi lẹ́ẹ̀dì dúdú fa ìlà kan, ó kọ ọ́ sí i pé: "Omi gbọdọ̀ dé ibí láràárọ̀." Omi ò débẹ̀. Abíọ́nà fi ìka wọ̀n ọ́n. Ìka mẹ́rin ló fi lọ sílẹ̀. Ó wá wo iyùn. Ẹja náà ti já wọn jẹ kiri, eegun wọn sì yọ funfun síta. Lójú àwọn ibi kan tó já jẹ, ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé ti hù, irú èyí tó máa ń hù sẹ́nu kànga. Nígbà tí ó ń wò ó lọ́wọ́, Màláíkà tún já òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ẹja kò ṣàjèjì sí i. Ó ti gbẹ́ ọ̀gbun ẹja àrọ̀ sẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Otu rí. Wọ́n gbé e lọ ṣọ́ ìbò fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó ní kó máa fún wọn lóúnjẹ gbàgbé, nígbà tó sì dé, àwọn ńlá ti gbé àwọn kékeré mì. Láti ìgbà náà, kò fọkàn tán ohunkóhun tí ebi bá ń pa.

"Láti ìgbà tí Alhaji ti kú, ta ló ń fún un lóúnjẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ta ló ráàyè ẹja nínú ilé òkú?"

Abíọ́nà lẹ téèpù mọ́ gíláàsì níbi tí omi dé gan-an. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi yìí títí dọ̀la." Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Sodiqat ńkọ́?"

"Ó ti kú. Ọdún kẹrin nìyí."

"Kí ló pa á?"

"Wọ́n ní Ọlọ́run ni."

Samsudeen, àbúrò olóògbé, wà lábẹ́ igi odán níta. Àgbẹ̀ ni, Komu ló ń gbé, àárọ̀ Jímọ̀ tí wọ́n pè é ló tó gun ọ̀kadà dé. Òun ló wẹ òkú. Bó ṣe rí ọlọ́pàá, ó gbé ojú sílẹ̀, ó sì ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí ilẹ̀ bàbá wọn lọ́dún tó kọjá. Abíọ́nà rò pé ọwọ́ òun ti ba ẹni tó ń wá.

"Ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́. Kí lẹ rí lára ẹ̀?"

"N kò ní í sọ."

"Mo lè tì yín mọ́lé o."

"Ẹ tì mí mọ́lé. Ẹ̀yin náà ń kírun, ọ̀gá. Ẹni tó bá wẹ òkú, ohun tó bá rí, á bò ó mọ́lẹ̀ ni. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi jà láyé. N kò ní í tú u láṣọ lọ́run."

Abíọ́nà bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ló sì tún dùn ún. Ó wá béèrè ohun mìíràn, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà oko.

"Mi ò béèrè ohun tí ẹ rí mọ́. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ bu omi sí i?"

Samsudeen gbójú sókè. Ó mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń béèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la máa ń wẹ òkú Mùsùlùmí. Bí kò bá tíì mọ́, a ó fi kún un di márùn-ún, bó bá le gan-an, méje.

"Ẹ̀ẹ̀meje," ó wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọkùnrin tí wọ́n ní ó wẹ ìwẹ̀ Jímọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ, ọ̀gá. Ẹ má bi mí mọ́." Abíọ́nà kò bi í mọ́ lóòótọ́. Ó tẹ́wọ́ gbà á pé kì í ṣe ọkùnrin yìí ni òun ń wá.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ó padà wá. Ó mú Nọ́ọ̀sì Ọpẹ́ dání, àti Waheedat, ọlọ́pàá obìnrin. Ó ní kí Samsudeen wọlé, kí gbogbo wọn jókòó sí pálọ̀. Ìyá Sodiqat ò kúrò lórí ẹní rẹ̀. Abíọ́nà gbé ìka kan sí abẹ́ téèpù tó lẹ̀ lánàá. Omi ti fi ìka kan géérégé lọ sílẹ̀.

"Ọyẹ́ ló ń fa omi yìí," ó wí. "Ìka kan lójúmọ́. Ìdí nìyẹn tí Alhaji fi ń bu omi débi ìlà láràárọ̀. Màmá, ká ní ó bu omi sí i láàárọ̀ Jímọ̀ bí ẹ ṣe wí, ìka kan ló yẹ kí n bá láàárọ̀ Sátidé. Mẹ́rin ni mo bá. Ẹ kà á sẹ́yìn: Sátidé, Jímọ̀, Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́rú. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọwọ́ Alhaji kan omi yìí gbẹ̀yìn."

Ẹ̀rọ inú àpótí ń kùn.

"Iyùn náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹja yìí bá yó, kì í fẹnu kàn án. Lánàá, èyí tó jẹ gbẹ̀yìn ṣì funfun, ṣùgbọ́n ohun aláwọ̀ ewé ti hù sójú àwọn tó kọ́kọ́ jẹ. Ìyẹn kì í hù lójúmọ́ kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni nǹkan ṣe ọkọ yín. Lọ́jọ́rú, ẹ lé nọ́ọ̀sì padà. Láàárọ̀ Jímọ̀ ló tó kú, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ wẹ̀ ẹ́, omi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ò tó. Ta ló fi í sínú ìdọ̀tí fún ọjọ́ mẹ́ta?"

"Rọpárọsẹ̀ ni," ni Ọpẹ́ wí. "Ìyá, ẹ ò bá jẹ́ kí n wọlé. Lọ́jọ́rú yẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má kú."

"Mo mọ̀," ni Ìyá Sodiqat fèsì. "Ìdí tí mi ò fi jẹ́ kó o wọlé nìyẹn."

Ó ṣí ìborùn kúrò lórí, ó ká a sórí itan.

"Ibi tí ọ̀gá dúró sí yẹn ló ṣubú sí, lẹ́yìn tó bu omi tán. Ẹnu ẹ̀ wọ́ sápá kan. Mo wọ́ ọ dé yàrá. Ó ń wò mí, ó mọ̀ mí. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó pa Sodiqat? Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà láti kékeré. Lọ́jọ́ tó dé sí i gbẹ̀yìn, epo bẹntiróòlù ò sí nílùú. Díẹ̀ ló kù nínú ọkọ̀ wa, tó máa gbé wa dé ilé ìwòsàn. Alhaji fà á jáde, ó rọ ọ́ sínú jẹnẹrétọ̀ àpótí yìí. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, 'Ẹ ṣe sùúrù, ó di ọ̀la. Bí ẹ̀rọ yìí bá kú, gbogbo iyùn ló máa kú.' Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kí wọ́n tó pe Àsárì, ó ti dákẹ́ lọ́wọ́ mi. A ṣe ogójì ọjọ́ ẹ̀ tán, bàbá ẹ̀ ra sólà, kí ẹja má bàa kú."

"Ìyàwó," ni Samsudeen wí pẹ̀lú ẹkún, "o ò bá ránṣẹ́ sí mi."

"Ẹ̀yin náà wá síbi ìsìnkú ọmọ mi, Bùọ̀dá. Ẹ ní Ọlọ́run ló mọ̀ jù. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé." Ó yíjú sí Abíọ́nà. "Ó ń wò mí lójú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní, Alhaji, ẹ ṣe sùúrù, ó di ọ̀la. Lọ́jọ́rú, mo ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́bọ̀, mo ní ó di ọ̀la. Kò dùn mọ́ mi bí mo ṣe rò pé ó máa dùn. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Inú Abíọ́nà bàjẹ́. Ọ̀ràn tí òun fi ọgbọ́n tú yìí, òun ì bá fẹ́ kí òun má tú u. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò yé e.

"Màmá, omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Edé ẹja yìí wà nínú fíríìsà. Ká ní ẹ bu omi sí i, kẹ́ ẹ sì fún un lóúnjẹ, mi ò ní rí nǹkan kan sọ."

"Mo mọ̀. Mo mú edé náà dání lọ́jọ́bọ̀. Mo dúró níwájú ẹ̀ títí edé fi yọ́ lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi ò lọ. Kí n wá máa fọwọ́ mi bọ́ ẹja tí wọ́n torí ẹ̀ pa ọmọ mi?"

Waheedat dì í lápá mú, wọ́n jáde. Abíọ́nà dá dúró díẹ̀ ní pálọ̀. Ó ṣí fíríìsà, ó bu edé díẹ̀ sínú omi. Màláíkà sáré wá, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu ìka rẹ̀ gan-an, ara rẹ̀ ń dán, kò mọ nǹkan kan. Abíọ́nà fa ọwọ́ yọ, ó nu ún mọ́ ṣòkòtò.

Ní àgọ́, Waheedat ṣí ìwé, ó mú bírò.

"Orúkọ yín, Màmá?"

"Ìyá Sodiqat."

"Rárá, Màmá. Orúkọ tí wọ́n sọ yín gan-an ni mò ń béèrè."

"Orúkọ mi nìyẹn."

Waheedat wo ojú ọ̀gá rẹ̀.

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Abíọ́nà wí.