Orúkọ Mẹ́tàdínlógójì Tí Omi Fọ̀ Nù

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta. Òjò winniwinni ti ń ṣẹ́ láti àárọ̀, kò dá, kò sì rọ̀ dáadáa, nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe kan ilẹ̀kùn ilé kékeré kan ní ìparí òpópónà. Farabalẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí bàbá náà tọ́, èyí nìkan ni kì í kánjú.

Ọ̀dọ́bìnrin aránṣọ kan ló ṣílẹ̀kùn. Okùn ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́ta gún mọ́ àyà aṣọ rẹ̀, ó sì fi eyín di fọ́nrán òwú pupa kan mú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wọ bàtà. Tòsì wà ní òfìfo, omi sì ń kán lára rẹ̀.

"Ẹ má wo ẹsẹ̀ mi," ó wí láì yọ òwú náà lẹ́nu. "Ẹ̀rọ ilé ìdáná wa ló ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ó ti di oṣù mẹ́ta tí ìyá mi ti fi àkísà so ó lẹ́nu bí ẹni so ewúrẹ́."

"Ṣé ó wá dákẹ́?"

"Ewúrẹ́ wo la so tó dákẹ́ rí?"

Farabalẹ̀ ti rẹ́rìn-ín kí ó tó rántí pé iṣẹ́ ni òun bá wá.

Ìyá aránṣọ náà jókòó sí ilé ìdáná, ó ń wo ẹ̀rọ omi náà bí ẹni ń wo àlejò tó kọ̀ tí kò lọ. Agbẹ̀bí ni ìyá yìí; ọgbọ̀n ọdún ló fi gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìntì. Farabalẹ̀ tú ẹ̀rọ náà, ó sì fi rọ́bà pẹlẹbẹ kan hàn án, èyí tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

"Èyí ló ti jẹ tán, mà. Ká ní ẹ pè mí lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, òun nìkan là bá pààrọ̀. Ṣùgbọ́n omi tó ń kán ti ba oríkèé páìpù tó wà lẹ́yìn síǹkì jẹ́ pẹ̀lú. Mo ní láti dí omi gbogbo ilé ná."

Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ọwọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń dá omi ilé dúró wà. Ó yí i, kò yí. Ó tún yí i, ó làágùn kó tó yí.

"Láti ọjọ́ tí a ti kólé yìí, a kò fọwọ́ kàn án rí," ni ìyá wí.

"Ẹ máa tì í, kí ẹ sì máa ṣí i, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mà. Bí a kò bá yí i, yóò gan. Ọjọ́ tí páìpù bá wá bẹ́, kò ní ṣeé tì, omi á sì gba ilé lọ́wọ́ yín."

"Á gan bí ọrùn èmi àgbà," ni ìyá wí, ó sì yí ọrùn tirẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì. "Mo ti gbọ́."

Òfin kan wà tí ọ̀gá Farabalẹ̀ máa ń kà sí i létí bí ẹni ń ka àdúrà. Fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì tó di oríkèé páìpù mú títí yóò fi dúró. Lẹ́yìn náà, fi sípánà fún un ní ìdajì ìyípo sí i. Ṣí omi. Fi bébà gbígbẹ nu oríkèé náà. Jókòó tì í díẹ̀, kí o tún nù ún. Bí bébà bá gbẹ lẹ́ẹ̀kejì, o lè máa lọ sílé.

Farabalẹ̀ ti pààrọ̀ rọ́bà àti oríkèé náà, ó ti fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí ó fi dúró. Ó ti mú sípánà nígbà tí ohùn kan ké sí i láti yàrá kejì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di etí aṣọ yìí mú, kí n lè gé e kó tọ́."

Ó gbé sípánà lé tábìlì ìránṣọ, ó di etí aṣọ mú. Aránṣọ ń gé e bọ̀ láti òdìkejì, sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ń dún wẹ́wẹ́, ó sì ń sún mọ́ ọn.

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n," ó wí.

"Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n."

"Á jẹ́ pé aṣọ ni, nígbà náà. Pẹ̀lẹ́, aṣọ."

Nígbà tí sísọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò mọ ohun tó kàn mọ́. Ó ṣí omi, ó rí i pé kò jò, ó kó àpótí iṣẹ́ rẹ̀, ó dágbére. Ó ti rìn dé ìyànà kejì kó tó rántí sípánà tó gbàgbé. Bí ó sì ti rántí sípánà, ó rántí ìdajì ìyípo tó kù.

Kò padà. Ojú ń tì í. Ó ń ronú pé aránṣọ náà á ní ó mọ̀ọ́mọ̀ fi sípánà sílẹ̀ kí ó lè tún rí òun. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé inú rẹ̀ fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nọ́ọ̀tì tó le lọ́wọ́ òun, ó le náà nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ránṣẹ́ pè é kíákíá.

Omi kò jò sílẹ̀ ilé ìdáná rárá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn lẹ́yìn páìpù, ó gba ihò tí páìpù gbà wọ inú ògiri, ó sì bọ́ sínú àpótí onílẹ̀kùn tó wà ní yàrá kejì. Ìsàlẹ̀ àpótí yẹn ni ìyá ń kó ìwé rẹ̀ sí. Ìwé mọ́kànlá ni. Gbogbo ọmọ tí ó gbẹ̀bí wọn ló kọ sínú wọn: ọjọ́, ojú ọjọ́, orúkọ ọmọ, àwọn tó wà níbẹ̀. Pẹ́ńsù ló fi ń kọ ọjọ́ nítorí pé ojú ẹsẹ̀ ló ń kọ ọ́. Íńkì ló fi ń kọ orúkọ nígbà tí wọ́n bá sọ ọmọ lórúkọ. Omi kò rí pẹ́ńsù ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ìwé mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, íńkì ti di omi aró.

Nígbà tí Farabalẹ̀ wọlé, aránṣọ wà lórí eékún rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Garawa tó fi ń nu ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó máa ń gbé sínú àpótí yẹn bí ó bá nulé tán.

"Ìyá mi, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo gbé garawa tútù ti ìwé yín. N kò ronú."

Ìyá kò pariwo. Ó di ìwé kan mú ní ọwọ́ méjèèjì, bí ó ti máa ń di ọmọ tí kò ké. "Mo sọ fún ọ, àbí n kò sọ?"

Aránṣọ gbójú sókè, ó rí Farabalẹ̀, ó sì nawọ́ mú nǹkan lórí tábìlì. "Ọ̀gá, ẹ gbàgbé sípánà yín lọ́jọ́sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó bóyá omi tún ń ti ibòmíràn wá."

Ó gba sípánà náà. Ẹnu rẹ̀ ló yẹ kó là nígbà náà. Ó lọ sẹ́yìn síǹkì, ó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì, ó tutù. Ó fún un ní ìdajì ìyípo, ó fi bébà nù ún, ó jókòó tì í, ó tún nù ún. Ó gbẹ. Ó jáde.

"Kò sí ibi tó ń jò," ó wí. Òótọ́ ni, nígbà tó sọ ọ́.

"Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ọmọ mi," ni ìyá wí.

Àdúrà yẹn wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá sílé wọn, ó ní òun fẹ́ bá wọn sá ìwé. Ó ń ṣí ewé ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi bébà gbígbẹ sáàárín wọn. Ìyá ń yìn ín. Aránṣọ ti ń pè é ní "ìwọ", ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé nọ́ọ̀sì ìwé ni, ó ń bu oúnjẹ fún un láìbi í. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó gbé orí lé èjìká rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun gbogbo tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ló wà níwájú rẹ̀, kò sì lè gbé e mì.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó lọ síbi ọwọ́ ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà láti bá wọn yí i bí ó ti yẹ lóṣù. Ó bá bébà kékeré kan tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́: *Wo garawa. Wo ẹ̀rọ. Padà wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwọ aláìronú.* Irú rẹ̀ tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, irú rẹ̀ sì wà lára àpótí.

"Kí ni èyí?"

"Ìrántí ni," aránṣọ dá a lóhùn, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀. "N kò gbára lé orí mi mọ́. Mo lè dìde nídìí ìránṣọ nígbà mẹ́wàá láti wò ó bóyá mo ti ẹ̀rọ."

Farabalẹ̀ já bébà náà. Ó wọlé lọ bá ìyá, ó kúnlẹ̀ síbi tí aránṣọ kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ náà gan-an.

"Kì í ṣe garawa, mà. Èmi ni. Mo fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì, n kò fi sípánà yí i. Mo rántí lọ́nà, ojú tì mí, n kò padà. Lọ́jọ́ tí omi dé, mo yí i ní ìkọ̀kọ̀, mo sì dákẹ́."

Aránṣọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ kò ga.

"O wà níbẹ̀. O dúró, o ń wò mí lórí eékún."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Omi kọ́ ló dùn mí. Ṣé o gbọ́? Omi kọ́."

Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, wọn kò sì gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ní ọjọ́ náà mọ́.

Ìyá wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Èmi náà ti ṣe àṣìṣe rí, lórí ohun tó ju ìwé lọ. Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ẹlòmíràn kúnlẹ̀ nítorí tèmi."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wá àwọn orúkọ náà, mà. Ọjọ́ ṣì wà nínú ìwé. Ẹ̀yin ṣì rántí òpópónà."

"Mẹ́tàdínlógójì ni. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló dé ńkọ́?"

"N óò sọ ọ́."

"Má bù kún un kí wọ́n lè káàánú rẹ. Má yọ kúrò níbẹ̀. Bí ó ti rí ni kí o sọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Farabalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn ilé onílé lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ níbi gbogbo: "Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ ààbọ̀ tí omi fi fọ orúkọ ọmọ yín nù nínú ìwé agbẹ̀bí." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní kó má tún fẹsẹ̀ kan ilé òun, òun á wá oníṣẹ́ mìíràn. Obìnrin kan sunkún, nítorí pé ọmọ náà ti kú, kò sì sí ibòmíràn tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí. Farabalẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀, létà kan tẹ̀lé òmíràn, ó kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì. Kó tó kúrò nílé kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá gbà á láyè, ó máa ń fi bébà gbígbẹ nu oríkèé páìpù wọn, ó sì máa ń kọ́ wọn bí a ti ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. Ìtìjú náà kò kéré sí i ní ilé kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní ọjọ́ tó fẹ́ lọ sí ilé kẹtàlélógún, ó bá aránṣọ níwájú ẹnubodè ilé náà, okùn ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyá mi ní ìkọ̀wé rẹ burú," ó wí. "Gbé ìwé wá, èmi ni n óò máa kọ ọ́."

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mo ní ìkọ̀wé rẹ burú."

Ó kọ ti ilé yẹn, ó kọ ti èyí tó tẹ̀lé e. Ní gbogbo ilé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ bí ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà, kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó di ilé kẹtàlélọ́gbọ̀n, bí Farabalẹ̀ ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ síǹkì onílé, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè orí rẹ̀.

"Oríkèé yẹn ńkọ́?"

"Ó tutù díẹ̀." Kò yọrí síta, nítorí pé abẹ́ síǹkì nìkan ló ti ní ìgboyà. "Àyànfẹ́ mi, n kò lè ṣèlérí pé n kò ní ṣe àṣìṣe mọ́. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni pé èmi ni n óò kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó kúnlẹ̀. Bí o bá lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé, jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

Ọwọ́ kan wá sísàlẹ̀, ó na sípánà sí i.

"Kọ́kọ́ parí ìdajì ìyípo yẹn ná," ó wí. "Mo ń dúró. Bí bébà bá gbẹ lẹ́ẹ̀kejì, a ó jọ máa lọ sílé."

Orúkọ mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n rí. Ìdílé kan ti ṣí lọ, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tí wọ́n wà. Ìyá fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, ọjọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì ní kí Farabalẹ̀ máa wò ó nígbàkúùgbà tó bá ṣí ìwé. Ó ń wò ó.

Ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé kọkànlá, ìyá kọ ohun kan tí kì í ṣe ìbí, pẹ́ńsù ló sì fi kọ gbogbo rẹ̀, àti ọjọ́ àti ènìyàn:

*Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá. Oòrùn mú díẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ ní ọ̀sán. A so ọmọbìnrin mi aránṣọ àti Farabalẹ̀ pọ̀ ní tọkọtaya ní yàrá ìránṣọ. Àwọn tó wà níbẹ̀: èmi ìyá, bàbá tó kọ́ ọkọ níṣẹ́ (òun ló lọ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn síǹkì kó tó jókòó), obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú, àti ọkùnrin tó ní kí ọkọ má tún fẹsẹ̀ kan ilé òun, òun ló pẹ́ jù kó tó lọ. Mẹ́fà ni gbogbo wa, pẹ̀lú ọkọ àti ìyàwó.*