Ọ̀pá Ìdìmú Ìsàlẹ̀ Ògiri

Mi ò ní ìdí tí màá fi purọ́. Ilé náà wà ní Ìkòsí títí di òní, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé kan tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí kékeré, mo sì ti fi ojú ara mi rí ọ̀pá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in. Karimot tó sọ ọ́ fún mi kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún 2006 ni. Karimot ń ta tìmáàtì ní ọjà Mile 12, apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ló ń tà á. Ìyá rẹ̀, Alhaja Modinat, ti kú ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú, nínú ilé náà tó ti ń dá gbé. Ojú oorun ló kú sí. Ohun tí Karimot sọ fún Akóredé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, ohun tó sọ fún àwọn tó wá wẹ òkú náà nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ní ikú ìrọ̀rùn ni, wọ́n sì dúpẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Karimot kò ti lè dá dúró nínú ilé yẹn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó bá gbé e síta fún títà. Kì í ṣe owó ló ń lé. Ó kàn fẹ́ kí ilé náà di ti ẹlòmíràn, kí ọkàn òun lè balẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wá wò ó kò fẹ́ ẹ. Éjẹ́ntì wá gbà á nímọ̀ràn pé kó tún un ṣe kó rọ àgbàlagbà lọ́rùn, torí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló ń wá irú rẹ̀. Kò sì pẹ́ tí tọkọtaya kan fi wá láti Ogudu, Bàbá Bartholomew àti Bridget ìyàwó rẹ̀. Ilé náà wù wọ́n, àmọ́ eékún ń yọ Bridget lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn máa padà wá ní Sátidé. Bí Bridget bá lè gun àtẹ̀gùn náà láìsí wàhálà, àwọn máa rà á. Bí kò bá lè gùn ún, ilé kan tí kò ní àtẹ̀gùn ń dúró dè wọ́n ní Sangisa.

Karimot pe Rahmon, káfíńtà kan láti Kétu tí kò mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò náà. Ó ní kó kan ọ̀pá ìdìmú sí gbogbo ibi tó bá yẹ.

"Aunty, a kì í fojú díwọ̀n rẹ̀ o," Rahmon sọ. "Ọwọ́ àgbà la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ bá mi wá ìyá àgbà kan tó máa rìn yíká ilé. Ibi tí ọwọ́ wọn bá ti ń wá nǹkan dì mú, ibẹ̀ ni màá kàn án sí."

"Màá mú Ìyá Kabirat wá láti ilé kejì. Lọ́la, láàárọ̀."

Ó gbàgbé. Tírélà méjì ló wọlé láti òkè Ọya láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tìmáàtì kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà ló tó sáré dé, ẹ̀bẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Rahmon, má bínú. Mi ò ráyè mú Mama wá."

Rahmon ń gbá ìfọ́ pákó jọ. "Wọ́n ti wá, mà. A ti ṣe tán."

"Ta ló wá?"

"Mama tẹ́ ẹ rán. Àárọ̀ ni wọ́n dé."

Karimot rẹ́rìn-ín. Ó rò pé Ìyá Kabirat ló gbọ́, tó sì dìde fúnra rẹ̀. Ó tẹ̀ lé Rahmon gun òkè.

Apá òsì àtẹ̀gùn nìkan ni ọ̀pá wà.

"Mama ní ọwọ́ ọ̀tún ń ro àwọn," Rahmon sọ.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Karimot. Alhaja ni ọwọ́ ọ̀tún máa ń ro. Ó wo ọ̀pá inú balùwẹ̀. Ó wo ti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀ ti sọ ògiri di dúdú ni wọ́n wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ilé náà dákẹ́. Ariwo ọ̀nà Ìkòròdú tí kì í sinmi, kò gbọ́ ọ mọ́.

Wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà níwájú balùwẹ̀. Ọ̀pá kan wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ ògiri pátápátá. Kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ sí ilẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Mama ló ní kí n kàn án síbẹ̀."

"Ta ló máa di ọ̀pá mú nílẹ̀, Rahmon?"

Rahmon họ ọrùn. "Èmi náà bi wọ́n, mà. Wọ́n bá dùbúlẹ̀. Lórí símẹ́ńtì níbí. Wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n ní, 'Ibí ni mo ti wá nǹkan dì mú, mi ò rí.'"

Kò sí ẹ̀dá alààyè kan tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yàtọ̀ sí Karimot. Alhaja kò kú sójú oorun. Karimot ti ṣèlérí pé òun máa wá ní ọjọ́ Jímọ̀. Ọjà dé, kò lọ. Ó pe fóònù lẹ́ẹ̀mejì, Alhaja kò gbé e, ó ní bóyá wọ́n ń kírun. Sọ́ńdè ló tó dé. Orí símẹ́ńtì yìí ló ti bá ìyá rẹ̀, èékánná ti ha ọ̀dà ara ògiri, ara òkú kò sì tíì tutù tán. Òun nìkan ló gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Òun nìkan ló tún ògiri kùn.

"Kí ni wọ́n tún sọ?" Karimot bi í.

"Wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo la wà. Mo ní Ọjọ́bọ̀. Inú wọn dùn. Wọ́n ní ọ̀la lẹ̀ ń bọ̀."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Ìsàlẹ̀. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn ń dúró dè yín. Ẹ ò rí wọn nígbà tẹ́ ẹ wọlé?"

Karimot di ògiri mú. "Yọ ọ̀pá yìí kúrò kó tó di Sátidé." Ó sáré sọ̀kalẹ̀, kò wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Karimot kò lọ. Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í. Ó ní tìmáàtì ń bàjẹ́. Tìmáàtì kò bàjẹ́.

Ní Sátidé, oòrùn mú ganrínganrín. Bàbá Bartholomew dúró sí ìta, ó ń wo òrùlé. Bridget di ọ̀pá mú, ó gun àtẹ̀gùn láìsinmi, inú rẹ̀ sì dùn bí ọmọdé. Ó wo balùwẹ̀. Ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró. Rahmon kò tíì yọ ọ́.

"Ta ló ronú kan èyí?" Bridget bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. "Ẹni tó bá ṣubú síbí, ó lè fi fa ara rẹ̀ dìde. Áà, ọmọ mi. Ìyá tó ni ilé yìí bímọ."

"Ẹ ṣé, mà," ni Karimot sọ. Ó ní títí òun á fi kú, òun ò ní sọ gbólóhùn tó korò tó ìyẹn mọ́.

"A máa rà á," Bridget sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Karimot dúró sókè, ó ń wò ó.

Ní àárín àtẹ̀gùn, Bridget dúró. Ó fara mọ́ ògiri bí èèyàn ṣe ń yà fún àgbà.

"Ẹ rọra o, mà. Ẹ máa fara balẹ̀ gùn ún."

Karimot kò rí ẹnikẹ́ni. Ó rí àtẹ̀gùn, ó rí ìmọ́lẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀pá tuntun náà tó ń dún lábẹ́ ìwúwo, díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sún mọ́ òkè.

Bridget gbójú sókè, ó bínú díẹ̀. "Kí lo ń wò? Bá Mama di ọwọ́ wọn mú!"

Karimot fi ọ̀tún di ọ̀pá mú kí ó má baà ṣubú. Ó na ọwọ́ òsì.

Ilé náà kò di títà; Karimot ló ní òun ò tà á mọ́. Karimot ló ń dá gbé ibẹ̀ báyìí, Akóredé sì ti bá a jà títí ó ti sú u. Mo lọ kí i lọ́dún tó kọjá. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣílẹ̀kùn, ó fi ọ̀tún gbé àga fún mi, ó gbé ife kalẹ̀, ó fi ọ̀tún kan náà bu omi sí i. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ká bí ìgbà téèyàn bá di ọwọ́ ẹlòmíràn mú. Mi ò bi í pé kí ló fi òsì dì mú.