Orin Kejìlá Nínú Sídíì Màmá

Orin mọ́kànlá ni Onísídíì bọ́ọ̀nù sínú sídíì, àmọ́ méjìlá ni rédíò ń kà. Kì í sì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ o, ọdún kẹtàdínlógún rèé. Ó ti pa sídíì náà dé dáadáa, torí rédíò lásán kì í ka èyí tí wọn ò bá pa dé, kò sì sí ohun tó tún lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Tó bá fi sí kọ̀ǹpútà, mọ́kànlá. Tó bá gbé e sí rédíò, méjìlá.

Orin tí màmá wọn tó kú lóṣù tó kọjá máa ń kọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fẹ́ kí gbogbo ẹbí jọ gbọ́ ọ lọ́sàn-án òní. Àwọn méjèèjì ò rí ara wọn sójú rárá. Látọjọ́ tí ìyá ti kú ni àbúrò ti ń bi í pé: ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ṣé ẹ ò gbọ́ nǹkan kan ni? Èsì kan náà ni Onísídíì ń fún un: màmá sùn, wọn ò jí.

Ó ti tún un bọ́ọ̀nù títí tó fi ba sídíì mẹ́rin jẹ́, méjìlá náà ló ń jáde, kó tó tẹ orin kejìlá. Kò sí orin kankan níbẹ̀. Fáànù ló ń yí. Ẹnì kan húkọ́. Lẹ́yìn náà, ohùn kan rọra ń pè: "Ọmọ mi, omi."

Onísídíì sún mọ́ rédíò. Nínú sídíì náà, láti ẹ̀yìn ògiri, orin àríyá kan ń pariwo gèè. Ó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ oníbàárà tó ń dán wò lọ́jọ́ tí màmá kú ni. Ó gbọ́ tí màmá ń pè é lọ́jọ́ yẹn, ó yí ohùn rédíò sókè, torí ìpè wọn ti sú u. Kò sì sí ohun tó lè gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá màmá.

Bó ṣe nawọ́ láti pa rédíò, ọwọ́ mìíràn di tiẹ̀ mú. Àbúrò ti wọlé, kò mọ ìgbà tó dé.

"Àǹtí mi, ẹ ní wọ́n sùn ni."

Onísídíì ní irọ́ ni, ó ní sídíì ló bàjẹ́. Ó fi ọwọ́ kejì fa wáyà rédíò yọ lára ògiri. Rédíò ò dákẹ́. Ìyá wọn ṣì ń tọrọ omi. Àbúrò wo ojú rédíò, níbi tó ti máa ń fi bí orin ṣe gùn tó hàn. Sídíì kan kì í gbà ju ọgọ́rin ìṣẹ́jú lọ. Wákàtí mẹ́fà ló wà níbẹ̀.

Àbúrò ò sunkún. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àyà, ó fa àga sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Jókòó," ó wí. "A máa gbọ́ ọ tán."